Àdúrà tí mo fi dí ọmọlọ́mọ lẹ́nu

Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù ni a máa ń jókòó ka ewì, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Èbúté Mẹ́tà, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Aránṣọ kan wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi. A máa ń tó 15 nígbà mìíràn, a máa ń tó 20 nígbà mìíràn: nọ́ọ̀sì kan, òṣìṣẹ́ báǹkì, àwọn ọmọ yunifásítì láti Àkókà, dékínì ìjọ kan, àti èmi tí mo ti fi ọdún 21 kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá ní ilé ìwé girama. Ẹni tó bá ní ewì lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹlòmíràn, á dìde kà á. Àwọn tó gbọ́ á wá fèsì. Torí pé èmi làgbà, èmi ni wọ́n máa ń wò lójú kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ń sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé irú mi pọ̀ ní Èkó yìí, níbi ìjókòó ewì, nílé òkú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ló dìde lọ́jọ́ náà. Oníwà jẹ́jẹ́ ni, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ìwé àlòkù kan ló mú dání, ó rà á lẹ́bàá títì ní Yaba, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ó ní òyìnbó kan ló kọ ọ́, Philip Larkin, tí wọ́n bí ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1922, tó kú lọ́dún 1985, iṣẹ́ ilé ìkàwé ló ṣe jẹun, kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń lọ.

Ewì ọ̀hún ò lọ́jú pọ̀. Ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń mutí lálẹ́, ó jí ní aago mẹ́rin ìdájí nínú òkùnkùn tó parọ́rọ́. Kí ojúmọ́ tó yọ létí kọ́tìnnì, ohun kan ṣoṣo ló ń rí: ikú, tó ti fi odidi ọjọ́ kan sún mọ́ ọn sí i. Kì í ṣe ìrora ló ń bà á lẹ́rù, kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé òun ò ní sí níbì kankan mọ́: kò ní rí, kò ní gbọ́, kò ní sí ohun tó máa fi ronú. Ó ní ìgboyà ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó sunkún àti ẹni tó fàyà rán an, ikú kan náà ló ń pa wọ́n.

Ibẹ̀ ni mo ti já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

“Háà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Mo ti dìde kí n tó mọ̀. “A ò ní kú ikú àìtọ́jọ́ o!”

“Àmín!”

“Ojú wa ò ní rí ibi!”

“Àmín o, Jésù!”

Dékínì gba àdúrà náà lẹ́nu mi, obìnrin kan dá orin, a gbè é, a pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo máa bojú wo ọmọkùnrin náà, ó ti pa ìwé rẹ̀ dé, ìka rẹ̀ kan ṣì wà láàárín rẹ̀. “Ẹ ṣé, mà,” ló wí, ó jókòó. A pín zóbò. Inú mi dùn lọ sílé pé mo ti lé ìbànújẹ́ jáde.

Mi ò gbàgbé ìka yẹn títí di òní. Ẹni tó bá ka ìwé tán kì í fi ìka sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì wa pè mí. Kíndìnrín bàbá ọmọkùnrin náà ti kọṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, owó rẹ̀ sì ti ń tán wọn lọ́wọ́. Orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù lọmọ náà ń sùn, aago mẹ́rin ìdájí kì í sì í bá a lójú oorun. Kò sọ fún ẹnì kankan nínú wa. Ewì yẹn ló fẹ́ fi sọ ọ́. Àwa sì ṣe àmín lé e lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Mo ń gbàdúrà, àdúrà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì pè mí, mo jókòó sórí ibùsùn, mo bi ara mi pé ta gan-an ni mo gbàdúrà fún. Mi ò mọ̀ pé bàbá ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn. Mi ò béèrè. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìyá mi ti pé 84, Muṣin ló ń gbé, bí fóònù bá dún lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó wo orúkọ ẹni tó ń pè. Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn kàn mí lára, mo wá ohun tí mo máa fi bò ó, àdúrà ló wà nítòsí. Etí ara mi ni mo fẹ́ dí, ẹnu ọmọlọ́mọ ni mo bá dí.

Ó yẹ kí n pè é lọ́jọ́ kejì. Mi ò pè é. Ojú ń tì mí, mo sì gba ibi tí tíṣà máa ń gbà: mo lọ kàwé. Ohun tí mo rí kà nípa Larkin, mo kà á. Nígbà tí ìjókòó tó tẹ̀lé e pé, mo dìde, mo kó bébà jáde. Mo sọ pé láti ọdún 1955 ló ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìkàwé Yunifásítì Hull títí ó fi kú. Mo sọ pé ó ń kólòlò nígbà tó wà lọ́mọdé, pé kò sì fẹ́ràn kó máa ka ewì rẹ̀ lójú èrò. Mo sọ pé wọ́n fi oyè akéwì ọba lọ̀ ọ́ lọ́dún 1984, ó ní òun ò jẹ ẹ́. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ aránṣọ ń dún nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ń wo fóònù wọn. Ọmọkùnrin náà ò tiẹ̀ wá.

Nínú gbogbo bébà yẹn, ohun kan ṣoṣo ló wọ̀ mí lára, òun gan-an ni mo sì sáré kà kọjá. Ọdún 1974 ló bẹ̀rẹ̀ ewì ikú yẹn. Kò rí i parí, ó pa á tì. Oṣù kọkànlá ọdún 1977 ni ìyá rẹ̀ kú lẹ́ni ọdún 91. Ìgbà náà ló tó padà sídìí ewì náà, tó parí rẹ̀. Ó jáde nínú ìwé ìròyìn nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ méjì.

Ìjókòó kẹta ti sún mọ́lé kí n tó gbé fóònù. Alẹ́ ni. Mo ń gbọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń pe nọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́ aláìsàn kan ń yí gbirigbiri lórí táìlì. Kò rọrùn kí àgbà máa bẹ ọmọdé. Mo sọ ọ́ bó ṣe wá sí mi lẹ́nu.

“Mo já lu ọ̀rọ̀ ẹ lọ́jọ́ yẹn. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà. Kò sí nǹkan kan.”

“Ó wà. Ewì yẹn ò tíì tán.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ó ku ìlà mélòó kan, mà.”

“Ṣé ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹ?”

Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á fún mi lórí fóònù. Ilẹ̀ ń mọ́ díẹ̀díẹ̀, yàrá ń hàn, ohun tí a mọ̀ wá dúró gbangba bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Àwọn tẹlifóònù lúgọ nínú ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa, wọ́n ń múra àtidún. Ojú ọ̀run funfun, kò sí oòrùn. Iṣẹ́ di ṣíṣe. Àwọn tó ń pín lẹ́tà ń lọ láti ilé dé ilé bíi dókítà.

Nígbà tó dé ibi dókítà, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Àdúrà ti gun orí ahọ́n mi. Mo fi eyín dì í mú. Mo ní, “Mo gbọ́.”

“Ẹ ṣé, mà.”

Ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ lọ́jọ́ kìíní ni. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún mi, bí ẹsẹ̀ bàbá ṣe wú, bó ṣe ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá wọ́n ti bomi rin ata tí òun gbìn sínú garawa lẹ́yìnkùlé. Ó tó 40 ìṣẹ́jú tí a fi wà níbẹ̀. Gbólóhùn mi ò ju márùn-ún lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ní màá tú ewì náà sí Yorùbá tó dúró, kí a lè kà á láìdúró túmọ̀. Mo pè é ní iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì dá mi dúró: kú.

Ẹ wo iye aṣọ tí èdè wa dá fún un. Ọba wàjà. Erin wó. Àgbà papòdà. Ó ṣaláìsí. Ó dolóògbé. Ó filẹ̀ ṣaṣọ bora. Ó sùn nínú Olúwa. Ó re ibi àgbà ń rè. Mo ti fi ọdún 21 kọ́ ọmọ ní àkànlò èdè wọ̀nyí, mo ń fún wọn ní máàkì lé e. Àwọn náà ni mo kọ́kọ́ fi tú ewì yìí, ó sì dùn létí, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń kéde òkú ọlọ́lá lórí rédíò. Mo kà á sókè nínú yàrá, mo rí i pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọkùnrin náà. Kò daṣọ bo nǹkan kan. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo kọ “kú” síbi tí kú wà. Mo ń kọ ọ́, mo ń rántí ìyá mi, mo dúró lẹ́ẹ̀mẹta lọ mumi.

Èyí tó tún le jù ú lọ ni pé àwa gbà pé ọjà layé, ọ̀run nilé. Ẹni tó kú ti relé. Larkin ò ní ilé kankan tó ń lọ. Mo yí i síwá sẹ́yìn, ibi tí mo bá a dé ni: ọjà ti tú, kò sílé. Mi ò gbà á gbọ́. Ohun tó sọ nìyẹn, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ kojú ikú láìṣẹ́jú. Àwọn ọdẹ tó ń sun ìrèmọ̀jé fún ọdẹ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á pe òkú náà lórúkọ, kò ní dáhùn, gbogbo àwọn tó pé síbẹ̀ á sì gbọ́ pé kò dáhùn. Àwa ará ìlú ńlá la gbàgbé.

Kí n tó kà á fún ẹnikẹ́ni, mo mú un dání lọ sí Muṣin. Mi ò pète rẹ̀. Ìyá mi rí bébà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí ni. Mo ní ewì ni, kò dùn. Wọ́n ní kí n kà á. Ẹ̀yìnkùlé la wà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Mo ń kà, mo ń wo ọwọ́ wọn. Níbi aago mẹ́rin ni ọwọ́ náà ti dúró. Wọ́n mú òkúta wẹ́wẹ́ kan láàárín ìka méjì, wọn ò jù ú nù títí mo fi kà á tán.

“Ọkùnrin yìí ò purọ́,” ni wọ́n wí. “Aago mẹ́rin yẹn lèmi náà máa ń jí.”

Ó ti pé ọdún mélòó tí a ti ń bo ọ̀rọ̀ ikú fún wọn nínú ilé yẹn? Bí ẹnì kan bá kú ládùúgbò, ńṣe la máa ń sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń ṣe tí wọ́n bá jí.

“Màá ka orúkọ gbogbo yín. Látorí èyí tó kú ní kékeré.” Wọ́n ju òkúta náà nù. “Ṣé òun ò ní ẹni tó lè kà ni?”

Mi ò mọ̀ rí pé wọ́n ṣì ń ka ọmọ yẹn mọ́ wa.

Nígbà tí mo wá kà á ní Èbúté Mẹ́tà, iná lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀. A ní kí wọ́n má tan jẹnẹrétọ̀, a fi fóònù tanná sí bébà. Mo bẹ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀ pé tí mo bá kà á tán, kí a dákẹ́ díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì gbàdúrà. Dídákẹ́ le fún ọmọ Èkó. Kò tíì pẹ́ rárá tí ẹnì kan fi wúkọ́, tí ẹlòmíràn ń wọ́ àga. Bí ẹ bá fara dà á kọjá ibẹ̀, èémí gbogbo èèyàn á balẹ̀. Mo wá béèrè pé, “Ibo ló mú yín?” Tẹ́lẹ̀, “Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?” ni mo máa ń béèrè. Ìbéèrè kíláàsì nìyẹn, ẹni tó mọ̀wé nìkan ló ń dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti mú èèyàn, kò sẹ́ni tí kò ní tirẹ̀. Obìnrin tó dá orin lọ́jọ́ kìíní ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní tẹlifóònù tó lúgọ ni, pé orí fóònù ni wọ́n ti sọ fún òun pé ọkọ òun ti kú. A ti mọ ara wa fún ọdún mẹ́ta, a ò gbọ́ ọ rí.

Dékínì na ọwọ́. “Tíṣà, ibi tó ti fi ẹ̀sìn wé aṣọ olówó ńlá tí kòkòrò ti jẹ. Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?”

“Mi ò gbà, sà.”

“Kí ló dé tí ẹ fi kà á?”

“Ohun tó rí ló sọ, sà.”

Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní ọjọ́ mìíràn wà tí òun ń ka Bíbélì létí ibojì, tó jẹ́ pé ẹnu nìkan ló ń kà á. Kò sẹ́ni tó bá a fa ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó, ó nu ojú gíláàsì rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí a fi ojú ara wa rí lẹ́yìn ìyẹn. A kì í fi irú ewì bẹ́ẹ̀ kásẹ̀ ìjókòó nílẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ wọ dánfó lóun nìkan. Ẹni tó bá kà á, ẹnì kan á pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má fún un nímọ̀ràn, ẹ má sọ fún un nípa oníṣègùn kan tí ẹ mọ̀, àfi tó bá béèrè. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ewì tó fúnra rẹ̀ kọ, tó ń sọ nínú rẹ̀ pé ilé ayé ti sú òun, dídákẹ́ nìkan ò tó. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bi í ní tààràtà bóyá ó ń rò ó láti para rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dá nìkan lọ sílé, ẹ wá ẹbí rẹ̀ àti dókítà. Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀kan, ọpẹ́ ni pé nọ́ọ̀sì wà níjókòó.

Bàbá ọmọkùnrin náà kú nínú oṣù kẹjọ. A lọ kí wọn. Garawa ata mẹ́ta wà lẹ́yìnkùlé, erùpẹ̀ inú wọn tutù.

Ibi kan ṣì wà tí mi ò tíì rí tún ṣe. Nínú bébà mi nípa Larkin, mo gbé ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Lọ́dún 1992, ọdún 7 lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn wà níbẹ̀ nípa àwa èèyàn dúdú. Ẹni kan náà ló fi ọdún 10, láti 1961 sí 1971, kọ̀wé nípa orin jáàsì sínú ìwé ìròyìn, òun kan náà ló kọ ewì yin Sidney Bechet, olórin jáàsì aláwọ̀ dúdú láti New Orleans. Mo kà á, ó dùn mí dọ́kàn. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní gbọ́ ewì náà mọ́. Mo bò ó mọ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin kan láti Àkókà rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dìde níṣojú gbogbo wa.

“Ẹ mọ̀, mà?”

Mo ní mo mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ewì yàtọ̀ sí ẹni tó kọ ọ́, pé ìgbà tiwọn nígbà náà lọ́tọ̀. Èmi fúnra mi ń gbọ́ ohùn kíláàsì lẹ́nu ara mi.

“Ẹ tún ń bò ó, mà,” ló wí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ̀wọ̀ fún mi, ó kí mi dáadáa, ó ní òun ò bínú. Ó ní kí n kọ́kọ́ máa fi ohun tí a fẹ́ kà ránṣẹ́ kí òun tó pinnu bóyá òun á wá. Ewì kékeré kan la fẹ́ kà lóṣù yìí, èyí tí Larkin kọ lọ́dún 1979 nípa ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tó fi ẹ̀rọ ìgékoríko pa láìmọ̀, tó sì ti fún lóúnjẹ rí. Ó sọ níbẹ̀ pé kí a máa ṣàánú ara wa nígbà tí àyè ṣì wà. Mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ohun tó wà nínú àwọn lẹ́tà yẹn sí, ní èdè tó yé èèyàn, mi ò yọ nǹkan kan kúrò.